Ilé tí Kì í Bèèrè Ẹ̀rí, àti Owó tí A Fi Ń Gbé E Ró

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún omi Ìrìbọmi, ní ọjọ́ tí a gbà yín sí ẹgbẹ́ àwọn katekúmẹ́nì, ẹ dúró sí ẹnu-ọ̀nà ilé ìjọsìn, àlùfáà sì bi yín ní ohun tí ẹ wá bèèrè lọ́wọ́ Ìjọ Ọlọ́run. Ẹ dáhùn pé ìgbàgbọ́ ni. Láti ọjọ́ náà wá ni ẹ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, tí ẹ ń kọ àwọn àṣà tí kò yẹ sílẹ̀, tí ẹ sì ń retí Òru Àjíǹde. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí yóò ṣòro fún jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ilé ìgbàlejò tí a ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn, tí a kò sì bi í ní ohunkóhun ju orúkọ tí ó fẹ́ kí a máa pè é lọ. Ilé náà kì í bèèrè káàdì ìdánimọ̀. Wọn kì í gbóòórùn ẹnu ènìyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ẹní. Wọn kì í sì fi àdúrà ṣe owó ìwọlé. Ǹjẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ́? Bí ó bá tọ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba fi owó gbogbo ìlú gbé e ró?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni èyí. Wọn yóò ní ní Àjàṣẹ́ tiwa níbí, láti Houinmè títí dé etí ọ̀sà, kò sí ẹni tí kò ní agbo ilé tí a ti bí i, àti pé ẹni tí ó bá ní agbo ilé kò lè jẹ́ aláìnílé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní fi ojú tín-ín-rín wo àwọn bàbá wa tí wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ nínú agbo ilé fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọjà Ouando kọjá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ẹ bá rí tí ó sùn sórí tábìlì ìpàtẹ ní agbo ilé ní ibì kan. Agbo ilé náà ni ó rán an jáde, tàbí kí ó jẹ́ pé òun ni ó sá kúrò níbi tí a fi í sí. Ọmọdébìnrin tí a mú wá láti abúlé láti máa gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, èyí tí àwọn ará ìlú wa ń pè ní vidomègon, kò ní ilé méjì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Ní ọjọ́ tí ìyà bá pọ̀ jù fún un, kò ní ẹyọ kan. Opó arúgbó tí a pè ní àjẹ́ ní agbo ilé pẹ̀lú. Àwọn ará agbo ilé náà ni wọ́n sọ òkúta lu òrùlé rẹ̀.

Ẹni tí ó wá burú jù lọ fún ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Àwọn àgbà wa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò purọ́ nípa wa: a máa ń dúró wò ó, a máa ń rẹ́rìn-ín, a ó sì wá lọ sílé. Ní abúlé púpọ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti ní àgọ́ àdúrà àwọn kan pàápàá, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń so irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí igi.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí kò lè wò ó kí ó lọ sílé. Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1952 ní Kétoukpè, ó sì lọ sí Côte d'Ivoire ní 1971. Ní Bouaké, ó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe, ó di ẹni tí ó ní takisí tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni òwò náà wó lulẹ̀ tí ó sì ronú láti pa ara rẹ̀. Ìrìn-àjò mímọ́ kan sí Jerúsálẹ́mù ní 1982 ni ó mú un padà bọ̀ sípò. Òun àti aya rẹ̀ àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀, wọ́n ń bẹ àwọn aláìsàn tí kò ní ẹnìkan wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó rí ọkùnrin kan ní ìhòòhò tí ó ń wá oúnjẹ nínú àkìtàn. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ náà ni ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé Jésù ni òun ń wá nínú ilé ìjọsìn, Òun náà ni ó dúró síbi àkìtàn yìí. Láti inú èyí ni Ẹgbẹ́ Saint Camille de Lellis ti dàgbà. Ilé rẹ̀ kan wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa níbí rárá. Òmíràn wà ní Bohicon, òmíràn ní Djougou. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a tú ẹ̀wọ̀n kúrò ní ẹsẹ̀ wọn tí a kọ́kọ́ bi bóyá ó ti ṣe ìrìbọmi. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí a ti tọ́jú rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣí Ìhìnrere Lúùkù, orí kẹwàá. Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ ìtàn ará Samaríà, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń dúró nígbà tí a bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé ni ibi tí ó ti da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́. Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ará Samaríà náà gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé èrò. Ní ọjọ́ kejì ó mú dénárì méjì jáde, ó fi fún onílé èrò, ó sì ṣe ìlérí pé ohunkóhun tí ó bá ná lé e, òun yóò san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Mátéù, ní orí ogún, jẹ́ kí á mọ̀ pé dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ kan. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ó fi sílẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú gbèsè tí kò ní òǹkà lórí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìtàn náà. Kò bi ẹni tí ó farapa bóyá òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ gba ọ̀nà burúkú ní àkókò burúkú. Àwọn ará Jerúsálẹ́mù mọ̀ dájúdájú pé ọ̀nà Jẹ́ríkò kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn kan ṣoṣo ń rìn. Bákan náà ni kò sọ fún onílé èrò pé kí ó lé e jáde bí kò bá tètè gbádùn. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń yà mí lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ: ará Samaríà náà kò dúró. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lọ. Àánú rẹ̀ ní ìlànà. Ó ní ilé, ó ní olùtọ́jú tí a ń san owó fún, ó ní ètò ìnáwó fún ọjọ́ iwájú. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ìfẹ́ Kristẹni gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ sí ọwọ́, kí ó má ṣe gba inú ìwé owó kọjá, kò ka ìtàn náà dé òpin.

Ẹnìkan lè dìde nínú kíláàsì yín kí ó sọ pé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe jẹun. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ tí ara wọn dá, tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé Olúwa yóò dé lọ́la, ni ó ń bá wí. Ẹni tí kò fẹ́ ni ó dárúkọ, kì í ṣe ẹni tí kò lè. Báwo ni a sì ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, nígbà tí ẹni náà kò tíì sùn oorun kan dáadáa láti oṣù mẹ́ta? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àìsùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn. Ẹni tí ó sùn sí etí gọ́tà ní àsìkò òjò, tí ó ń fi ojú kan ṣọ́ bàtà rẹ̀, kò lè dá ìpinnu ṣe lórí ọtí tàbí lórí tramadol. A ń ní kí ó kọ́kọ́ jáwọ́ kí a tó fún un ní ibùsùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ibùsùn náà ni yóò fún un ní agbára láti gbìyànjú àtijáwọ́.

Ìbéèrè tí ó le jù nìyí, ẹ̀yin katekúmẹ́nì ni ẹ sì ní ẹ̀tọ́ jù láti bèèrè rẹ̀. Ìjọ fúnra rẹ̀ ti fi òfin sí ẹnu-ọ̀nà yín. A ní kí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mélòó kan. A yẹ ìgbéyàwó yín wò. A ní kí ẹ kọ oògùn àti orò kan sílẹ̀. Báwo ni Ìjọ kan náà ṣe lè sọ pé kí a má ṣe fi òfin sí ẹnu-ọ̀nà ilé ìsùn?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí a ń bèèrè. Ìrìbọmi jẹ́ májẹ̀mú. Ẹni méjì ni ó ń dá májẹ̀mú, ẹni tí yóò sì dá a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sọ, kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú òmìnira. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ yín, òmìnira yín ni ó ń dáàbò bò. Kì í ṣe owó tí ẹ ń san fún ìfẹ́ Ọlọ́run, nítorí ìfẹ́ náà ti wà kí ẹ tó wá; Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi ti kú fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ní òru kò wá dá májẹ̀mú kankan. Ẹní ni ó ń bèèrè. Bí a bá ní kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà pẹ̀lú wa, ohun tí a bàjẹ́ di méjì: ẹní náà ti di ọjà, àdúrà náà sì ti di owó. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì sọ ọ́ ní 1965, nínú ìwé rẹ̀ lórí òmìnira ẹ̀sìn, pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni gba ìgbàgbọ́. Ebi àti òjò jẹ́ ipá. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń yọ̀ nígbà tí ẹni tí a bọ́ bá di ọmọ ìjọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni náà mọ̀ pé òun ìbá jẹun bákan náà bí òun bá kọ̀.

Ẹ tún wo Kamílù Mímọ́ fúnra rẹ̀, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ Avrankou. A bí i ní Ítálì ní 1550. Ọmọ ogun ni, atatẹ́tẹ́ ni, ó ta tẹ́tẹ́ títí ó fi pàdánù ohun gbogbo. Egbò wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jiná. Ilé ìwòsàn San Giacomo ní Róòmù gbà á, lẹ́yìn náà wọ́n lé e jáde nítorí ìjà àti ìwà rẹ̀. Ní 1575 ni ó yí padà, ó padà sí ilé ìwòsàn kan náà, ó sì di alábòójútó rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ tún ṣí fún un nígbà kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orúkọ ẹni mímọ́ tí ẹ ó jẹ́, ẹ rántí Bẹ́nẹ́díìtì Jósẹ́fù Labre pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó sùn láàárín àwókù Kọlọsẹ́ọ̀mù ní Róòmù, tí ó kú ní 1783, tí Ìjọ sì kéde ní ẹni mímọ́ ní 1881. Kò ní ilé títí ó fi kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba. Àwọn Kristẹni olóòótọ́ kan wà tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní iṣẹ́ Ìjọ ni, kí ìjọba fi ọwọ́ mú ojú-ọ̀nà àti iná mànàmáná. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ìjọba bá san owó, yóò pàṣẹ pẹ̀lú. Ẹ̀rù náà kò ṣàìní ìdí. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀, ní ìpín 1883, kìlọ̀ pé kí ẹgbẹ́ ńlá má ṣe gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpín kan náà ni ó sọ pé kí ẹgbẹ́ ńlá ran kékeré lọ́wọ́ nígbà tí àìní bá dé. Ìpín 2288 ka ilé mọ́ àwọn ohun tí àwùjọ gbọ́dọ̀ ran ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ láti ní, pẹ̀lú oúnjẹ àti aṣọ. Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún ti kà á mọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn ní 1963, nínú Pacem in Terris. Ní òpin ọdún 1987, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìnílé, Róòmù kọ ìwé odidi kan lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́, a kì í fi sílẹ̀ fún ìgbà tí inú olówó bá dùn.

Àpẹẹrẹ tí ó dàgbà jù lọ tí mo mọ̀ ni ti Básílì Mímọ́. Ó di bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ti Kapadókíà ní 370, ó sì kọ́ ilé ńlá kan sí ẹ̀yìn odi ìlú fún àwọn èrò, àwọn aláìsàn, àwọn tálákà àti àwọn adẹ́tẹ̀. Àwọn kan lọ fi í sùn lọ́dọ̀ gómìnà, Básílì sì kọ̀wé bèèrè ẹni tí òun ṣẹ̀ nípa kíkọ́ ilé fún àwọn àlejò. Ọba ìgbà náà, Valens, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ rárá. Ó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ Áríù, ó sì ti fẹ́ lé Básílì kúrò ní ìlú. Síbẹ̀, òpìtàn Theodoret sọ fún wa pé Valens fi ilẹ̀ dáradára tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú Básílì. Básílì gbà á. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú Ìgbàgbọ́ nítorí rẹ̀. Ní Bouaké bákan náà, ilé ìwòsàn ìjọba ni ó fún Grégoire àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé àtijọ́ kan tí a kò lò mọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọrẹ àwọn ọ̀rẹ́ láti Kánádà àti Ítálì àti ibòmíràn ni ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó dára kí ará Kánádà ran ará Avrankou lọ́wọ́. Ó sì tún dára kí á bi ara wa léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ òun.

Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 sọ ní ìpín kẹjọ pé ènìyàn jẹ́ mímọ́, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un kí ó sì dáàbò bò ó. Ó dárúkọ ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́; kò dárúkọ ilé. Láti 2016, ìjọba wa ti ṣe ètò ilé 20.000, tí ó ju ìdajì wọn lọ wà ní Ouèdo ní Abomey-Calavi. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tí ó bá rí i yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó oṣù tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ ni a kọ́ wọn fún. Ọmọ tí ó sùn ní Ouando kò sí nínú ìwé yẹn. Àwọn Salésiens ti Don Bosco ni wọ́n ń gbìyànjú fún irú rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí, àti àwọn Arábìnrin wọn ní Kútọnu, tí wọ́n gbé ibùdó kékeré kan kalẹ̀ sínú ọjà Dantokpa kí àwọn ọmọdébìnrin lè yà síbẹ̀ láìrìn jìnnà.

Ìjọba lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá fẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a kó gbogbo àwọn tí wọ́n ń sùn níta wọlé, a sì fi wọ́n sí hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀mùtí àti ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi di oṣù kìíní 2021, ó ju 37.000 ènìyàn lọ tí a ti ràn lọ́wọ́. Iye àwọn tí a kà ní òru kan ṣoṣo pé wọ́n ń sùn níta, tí ó jẹ́ 4.266 ní 2019, sọ̀ kalẹ̀ sí 2.440 ní 2021. Owó náà dín kù lẹ́yìn náà; ní 2024, iye náà ti gòkè dé 4.667. Ní Kánádà, wọ́n dán an wò ní ìlú márùn-ún láti 2009 sí 2013: wọ́n fún àwọn aláìnílé tí ọpọlọ wọn dàrú ní ilé láìkọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n gba ìtọ́jú. Àwọn wọ̀nyí dúró nínú ilé ju àwọn yòókù lọ. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: ìlò ọtí àti oògùn kò dín kù láàárín wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ilé kò wo ohun gbogbo sàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ ilé.

Ìjọba sì lè ṣe òdìkejì. Ní Èkó, láàárín oṣù kọkànlá 2016 àti oṣù kẹrin 2017, a lé nǹkan bí 30.000 ènìyàn kúrò ní Otodo Gbame, àwọn apẹja Ẹ̀gùn tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn ará ìlú wa. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà 2017 pé lílé wọn lòdì sí òfin. Ilé wọn sì ti wó. Ní oṣù kejìlá 2020, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Arusha sọ pé àwọn òfin tí ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó ń rìn kiri láìnílé lòdì sí Ìwé Àdéhùn Áfíríkà. Ẹ rí i pé owó ìjọba kì í ṣàìsí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Katakata tí ó wó ilé, owó ni a fi rà á.

Ṣé kò wá yẹ kí òfin kankan wà nínú ilé náà ni? Ó yẹ, àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ wọlé, kò gbọdọ̀ lu ẹnìkejì, kò gbọdọ̀ ta oògùn fún ọmọdé. A sì gbọ́dọ̀ ya yàrá àwọn obìnrin àti ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní àgádágodo. Ohun tí ẹnìkan ṣe sí ẹlòmíràn nínú ilé ni òfin wọ̀nyí ń wò. Wọn kò wo ohun tí ó jẹ́ kí ó tó dé. Bí ẹnìkan bá sì lu ọmọnìkejì rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òru, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà yóò ní láti mú un jáde, ìpinnu tí ó nira ni, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀. Kí ó fún un ní nǹkan tí yóò fi bo orí. Kí ó sì sọ agogo tí a óò ṣí ìlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la fún un, nítorí pé ó lè padà wá.